Jẹ́sì Ará Èkó

Ọjọ́rú ni wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti tẹ́ aṣọ kalẹ̀ fún eré ọjọ́ kejì kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ náà ló tẹ́ ẹ: jẹ́sì lórí bẹ́ǹṣì, ṣòkòtò péńpé níwájú ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ nílẹ̀, láti nọ́ńbà kìn-ín-ní dé èkejìlélógún. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń tọ́jú aṣọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rockhill ní Jọ́ọ̀sì, débi pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ò mọ orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Baba Jẹ́sì ni wọ́n ń pè é.

Kóòṣì yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

"Baba Jẹ́sì, ẹ kó o. Kò séré mọ́."

"Ti ọ̀la ni kò sí, àbí?"

"Ti ọ̀la, ti ọ̀túnla, n ò mọ̀. Gbogbo líìgì ni. Wọ́n ní gbogbo ayé ni. Kòrónà."

Ó fẹ́ béèrè nǹkan míì, àmọ́ kóòṣì ti lọ. Kí aago mẹ́rin tó lù, pápá ti dá páropáro. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pariwo láàárọ̀ ti wọ mọ́tò, oníkálùkù gba ìlú ẹ̀ lọ kí wọ́n tó ti ọ̀nà. Ẹlòmíì ò dúró mú bàtà. Omi ṣì ń kán nílé ìwẹ̀, kó, kó, kó, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wẹ̀.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ kì í ṣe akíkanjú. Òun gan-an mọ̀. Bí ewé bá já lẹ́yìn ẹ̀, á dúró ná, á wò ó, á tún un wò, kó tó gbà pé ewé ni. Ó wo àwọn jẹ́sì tó tẹ́. Wọ́n jókòó. Bó ṣe rí lójú ẹ̀ nìyẹn, pé èèyàn méjìlélógún jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò lórí, wọ́n ń retí ẹni tó máa ní kí wọ́n dìde. Láti ìparí yàrá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó má baà kẹ́yìn sí èyíkéyìí nínú wọn.

Ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ ìdọ̀tí tí kì í ṣe tiwọn. Nọ́ńbà méje ni, ti ẹgbẹ́ kan tó wá láti Èkó lọ́jọ́ Àìkú. Àṣà àwọn agbábọ́ọ̀lù ni. Bí eré bá parí, àwọn tí wọ́n bá mọra á bọ́ jẹ́sì wọn, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tí òógùn ẹni ẹlẹ́ni bá wà lára ẹ̀, Baba Jẹ́sì á kọ́kọ́ bá wọn fọ̀ ọ́. Divine, ọmọ Jọ́ọ̀sì tó ń gbá apá òsì, ló bá Fẹ́rànmí ará Èkó pààrọ̀. Fẹ́rànmí yẹn ti wá sọ́dọ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ́ fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn ún, Ọmọ́tọ́ṣọ́ sì tẹríba, ó fi báńdéèjì wé e fún un. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni. Bí Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣe ń wé e lọ́wọ́ ló wúkọ́ díẹ̀, ó ní eruku Jọ́ọ̀sì yìí mà pọ̀ o; nígbà tó parí, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Divine ti bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ. "Baba Jẹ́sì, don Allah, ẹ má jẹ́ ó sọnù o. Tí bọ́ọ̀lù bá padà, èmi á wá gbà."

Ó kó gbogbo ẹ̀ lọ sílé ní Rantya, torí wọ́n fẹ́ ti pápá pa. Òun àti ìyá ẹ̀ nìkan ló wà nílé. Olúwakẹ́mi ìyàwó ẹ̀ ti lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Ìlọrin, wọ́n sì ti ní kó má tíì bọ̀. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìyàwó tuntun ló jẹ́ nígbà tí bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́, akọ̀wé rélùwéè, mú un wá láti Ọ̀fà. Bàbá ti kú, rélùwéè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Màmá ṣì wà. Òun nìkan ló kù lókè eèpẹ̀ tó ń pe Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní Àjàní.

Ó fọ àwọn aṣọ náà, ó sá wọn sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, láago mẹ́rin tó yẹ kí eré bẹ̀rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n. Kò mọ ibòmíì tó lè jókòó sí lágogo yẹn. Kò sí kẹ̀kẹ́ kan lójú títì. Ajá gan-an ò gbó. Àfi bí ariwo ṣe sọ lójijì láti fèrèsé aládùúgbò, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn hó yèè pé, "Góòòlù!"

Ara ẹ̀ bù máṣọ. Rédíò ni. Wọn ò réré tuntun gbé sáfẹ́fẹ́, wọ́n wá ń gbé eré àtijọ́ síta. Ọmọ́tọ́ṣọ́ mọ eré náà. Òun ló fọ aṣọ tí wọ́n fi gbá a. Ẹni tó gbá góòlù yẹn wọlé ti kú láti bí ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Afẹ́fẹ́ kó sínú àwọn jẹ́sì lórí okùn. Wọ́n wú láyà. Wọ́n na apá.

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Divine pè é.

"Baba Jẹ́sì, sannu. Ẹ ti gbọ́?"

"Kí ni mo gbọ́?"

"Fẹ́rànmí. Ó ti ní i."

"Ó ní kí ni?"

"Ìyẹn náà. Kòrónà. Wọ́n ti gbé e lọ ibi tí wọ́n ń kó wọn sí l'Ékòó. Wallahi, Baba, kò lè mí dáadáa. Jẹ́sì yẹn ńkọ́? Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án, àbí?"

Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti ń lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wo okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàfo kan wà láàárín, pẹ́ẹ̀gì méjì di afẹ́fẹ́ lásán mú.

Màmá jókòó nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó ń pa ẹ̀pà. Ó wọ jẹ́sì ará Èkó sórí ìró. Méje gàdàgbà ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Màmá! Ẹ bọ́ ọ! Ẹ bọ́ ọ kíá!"

"Kí n bọ́ aṣọ ní gbangba? Àjàní, ṣé orí ẹ pé?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́?"

"Òtútù ni. Láti ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni mo ti ń wọ̀ ọ́ sùn. Ó móoru ju búláńkẹ́ẹ̀tì tí o rà fún mi lọ." Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa gbá iwájú, sọ fún wọn pé mo wà ńlẹ̀."

"Màmá, ẹni tó ni ín ní àrùn yẹn!"

"Ṣebí o ti fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́."

"Ó dáa, ìwọ náà ò mọ aṣọ fọ̀ nìyẹn."

Igi ló fi gbé jẹ́sì náà bí ẹni gbé ejò. Ó rì í sínú omi gbígbóná àti Ísáàlì apakòkòrò. Ó fi Ísáàlì nulẹ̀, ó fi nu àga, ó fi nu ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ lórí rédíò pé àwọn arúgbó ni àrùn náà ń tètè mú lọ, ó sì pinnu pé òun ò ní gbójú kúrò lára Màmá títí ọjọ́ mẹ́rìnlá á fi pé. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á rọra wọ yàrá ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á gbé etí sí i lẹ́nu tímọ́tímọ́, á máa gbọ́ bóyá èémí ẹ̀ ń há. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí á fi gbọ́ ọ nígbà ogún. Èémí Màmá ń lọ geere. Tiẹ̀ ló ń há, ó sì rò pé ẹ̀rù ni.

"Ilé yìí ń rùn bí ọsibítù," ni Màmá wí lọ́jọ́ kejì. "Ísáàlì yẹn ń ta mí lójú."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ fa imú. Kò gbọ́ nǹkankan. Ó rò pé arúgbó ń ṣàsọdùn, ó tún da òmíì sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ojú ẹ̀ là. Ó gbé ẹ̀wà kaná, ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó kẹ́yìn sí ìkòkò, ó fi rédíò sétí. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn ìdíje tí wọ́n tún ti fòpin sí, ti ilẹ̀ yìí, ti òkè òkun, bí ẹni ń ka orúkọ òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ló bá gbọ́ ohùn Màmá láti ìta.

"Àjàní! Ṣé o fẹ́ sun wá mọ́lé ni? Kí ló ń jóná tó báyìí?"

Ó yíjú padà. Èéfín ti kún ilé ìdáná. Ẹ̀wà ti dúdú bí èédú. Ìwọ̀n apá kan ló wà láàárín òun àti ìkòkò náà, kò sì gbọ́ òórùn kankan.

Ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó mú àlùbọ́sà, ó gé e, ó gbé e símú. Omi bọ́ lójú ẹ̀, àmọ́ òórùn ò sí. Ó ṣí ìgò Ísáàlì, ó fà á símú títí orí ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòòyì. Bí omi ẹ̀rọ ló rí. Ó dúró síbẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti wọ inú orí ẹ̀ láìkanlẹ̀kùn, tó ti ti yàrá kan pa, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ó pe Divine. "Fẹ́rànmí yẹn, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀?"

"Ó ní nǹkankan ò dùn òun o, Baba. Bàtà bọ́ọ̀lù ẹ̀ ni kò rùn mọ́. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ti wo bàtà òun sàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni ó ṣubú." Ohùn ẹ̀ yí padà. "Kí ló dé? Ṣé Màmá ni?"

"Rárá," ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ wí. "Kì í ṣe Màmá."

Ó rántí báńdéèjì. Ó rántí ikọ́ tí ọmọ yẹn wú, bí òun ṣe tẹríba síwájú ẹ̀ tí atẹ́gùn ikọ́ náà kọjá lórí ọrùn òun. Jẹ́sì ló ń ṣọ́ látọjọ́ yìí. Ó ń fi igi gbé aṣọ, ó wá ń gbé ẹnu ara ẹ̀ tọ Màmá lọ lórí ibùsùn. Àárọ̀ mẹ́ta.

Ó gbé fóònù, ó wọ yàrá kékeré tó kó ẹrù ẹgbẹ́ sí, ó há ilẹ̀kùn mọ́ra. Kò pẹ́ tí Màmá fi kan ilẹ̀kùn.

"Àjàní, kí lo jí?"

"Màmá, ẹ sún sẹ́yìn."

"Ṣé torí ẹ̀wà ni? Mo ti jẹ ẹ̀wà tó jóná rí. Jáde wá."

"Èmi ni, Màmá. Kì í ṣe jẹ́sì. Èmi ni mo gbé e wọlé."

Ó ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń wá ibi tó ṣí.

"Nígbà tí èèyi mú ẹ lọ́mọdé," ni Màmá wí, "tí gbogbo ilé sá, ta ló gbé ẹ pọ̀n? Ṣé mo sá ni?"

"Ẹ ò sá, Màmá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹ ò mọ̀ ọ́n sá."

Ó tẹ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè lórí rédíò fún ẹni tó bá fura pé òun ní àrùn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í tẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ, wọn kì í jẹ́ kí ará ilé rí i mọ́. Ó ti gbọ́ pé inú ọ̀rá ni wọ́n ń sin wọ́n sí. Ó fẹ́ pa fóònù náà. Obìnrin kan dáhùn, ohùn tútù, ó béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ orí.

"Mọ́kànléláàádọ́ta."

"Ta ló wà pẹ̀lú yín nílé, Baba?"

"Ìyá mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin."

"Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún wọn. A ń bọ̀ láàárọ̀."

Wọ́n dé bí oòrùn ṣe ń yọ. Ọkọ̀ funfun ni. Èèyàn mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni ọkùnrin, èwo ni obìnrin. Wọ́n dúró sẹ́nu géètì, wọn ò wọlé. Ojú ti kún gbogbo fèrèsé àdúgbò, ẹnikẹ́ni ò sì kí ẹnikẹ́ni.

"Baba, ẹ wọ ìbòmú, kẹ́ ẹ máa bọ̀. A máa padà wá yẹ Màmá wò."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bọ́ sí àgbàlá. Màmá ti wà láàárín òun àti géètì. Ó la apá méjèèjì.

"Wọn ò ní gbé ọmọ mi lọ láìjẹ́ pé mo dì mọ́ ọn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà."

Ó yà sósì, Màmá yà sósì. Ó yà sọ́tùn-ún, Màmá ti wà níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ìka Màmá kan àyà ẹ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ta sẹ́yìn, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ó yí tánkì omi ká, sálúbàtà ẹ̀ kan fò lọ. Màmá gbá tẹ̀ lé e, ìró lọ́wọ́.

"Àjàní! Dúró! Ìyá ẹ ni mí! Ṣé èmi lò ń sá fún?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láti fèrèsé kan, ó sì gé e lójijì. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ò wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ okùn aṣọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó já sí géètì, ó kó wọ ọkọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì fa ilẹ̀kùn pa, gbàà.

Ó lẹ ojú mọ́ gíláàsì. Màmá ti dúró lẹ́nu géètì, ó fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ̀ ti ń lọ. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ò bójú wo ojú ìyá ẹ̀. Èjìká Màmá ló tẹjú mọ́, bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wò ó, ó tún un wò, bóyá eré tó sá nìkan ló ń mú un mí bẹ́ẹ̀.