Òpó Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Ẹni tó kọ́ ilé wa kò fẹ́ràn ènìyàn. Ó ri òpó kan tó nípọn mọ́ àárín yàrá àlejò gan-an. Ó dí ilẹ̀kùn kan pa lára ògiri, ṣùgbọ́n kò dí i délẹ̀, ibẹ̀ wá wọnú bí ojú eyín tó yọ. Nígbà tí bàbá mi kú, tí mo lọ mú ìyá mi wá láti máa gbé lọ́dọ̀ wa, yàrá yẹn nìkan ló ṣófo. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ má bínú sí yàrá yìí, Màámi." Wọn á ní kò burú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í ráhùn, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo kọ̀wé sí káfíńtà lórí fóònù níbi iṣẹ́, pẹ̀lú ìkánjú: "E ba mi wa nnkan se si opo to wa ninu yara yen. O ti su mi. E fi pako bo o, ki alejo ma baa ri i mo."

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá káfíńtà níwájú ilé, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mo gbàgbé awò ojú mi sílé," ó ní. "Mo ní kí Màmá bá mi ka ohun tí ẹ kọ. Wọ́n kà á sínú, wọ́n dá fóònù padà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Màámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Bàbá rẹ ò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀," wọ́n ní, "o ti fẹ́ fi pákó bò mí."

Kò tètè yé mi. Nígbà tó yé mi, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì bà mí. "Màámi, òpó ni. Òpó tó wà lẹ́yìn yín yìí. Kì í ṣe opó."

Wọ́n wo òpó, wọ́n wò mí. "Àmì ohùn dà?"

"Orí fóònù ni, Mà."

"Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi darúgbó, ọmọ tèmi ló wá ń kọ̀wé láìsí àmì. Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo nawọ́ sí báàgì, wọ́n dì í mú.

"Bí mo ṣe kà á ni mo gbà á gbọ́," wọ́n ní. "Ìyẹn ló dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti dé, o kì í jókòó tì mí. O ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ó bẹ̀ mí nítorí yàrá, o ó sì jáde. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ti sú ọmọ yìí."

"Ojú ló ń tì mí," mo ní. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró, mo sì rò pé yàrá yìí ló máa lé yín lọ."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ ẹ?" Wọ́n gbọ́wọ́ lé òpó. "Bí mo bá fẹ́ dìde, òun ni mò ń dì mú. Orúnkún mi ti mọ̀ ọ́n."

Mo pe káfíńtà wọlé. Ó yí òpó náà po, ó fọwọ́ kàn án lókè nísàlẹ̀.

"Kí la fẹ́ bò ó sí?" ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n fi ìjókòó yí ìdí rẹ̀ ká, kí n kan ohun tí Màmá á máa dì mú mọ́ ọn lára. Ibi tó wọnú lára ògiri yẹn, pẹpẹ ìwé ló yẹ ẹ́. Pákó wo ni kí n lò?"

Màámi ni mò ń wò.

"Èyí tó máa pẹ́," wọ́n ní.

"Báwo ni kí ìjókòó náà ṣe fẹ̀ tó?"

"Kó gba ẹni méjì."

Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù wọn.