Ìrọ̀rí Don Liborio

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ má retí ẹ̀rín lójú mi. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ àwọn òkú wa lábẹ́ ilẹ̀ Sanità, àdúgbò wa, mo sì máa ń fẹ́ nu egungun wọn tán kí àwọn arìnrìn-àjò tó kó ariwo wọn dé. Ọdún kejìlélógún rèé tí kọ́kọ́rọ́ ibojì abẹ́ ilẹ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ìbéèrè tí wọn ò tíì bi mí nípa egungun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì nítumọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ìyá àgbà kan lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí ibojì náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó gbé ọ̀pá lé itan, tó di àpò ọ̀rá kan mú ṣinṣin, mo ti múra ìjà.

"Aago mẹ́wàá la máa ń ṣí, mà."

"Mo mọ̀. Torino ni mo ti ń bọ̀, inú ọkọ̀ ojú irin ni mo sùn. Bí mo bá dìde níbí, mi ò mọ̀ bóyá màá tún lè jókòó."

"Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì ló wà nísàlẹ̀. Ṣé kí n pọ̀n yín ni?"

"Tí agbára rẹ bá gbé e, èmi ò kọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Rachele ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Bí a ṣe ń rọra sọ̀kalẹ̀ ló ń sọ ohun tó gbé e wá. Àdúgbò wa yìí ni bàbá rẹ̀ ti ń gé awọ ìbọ̀wọ́ kí ogun tó gbé e lọ, tí àwọn ọ̀tá sì mú un. Ìyá rẹ̀ wá ṣe ohun tí gbogbo obìnrin Sanità máa ń ṣe nígbà náà. Ó wá síbí, ó mú agbárí kan láàárín àwọn òkú tí kò lórúkọ, tí kò lẹ́bí. Ó fọ̀ ọ́, ó kan ilé onígi kékeré fún un, ó sì ń gbàdúrà ìtura fún ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé gbogbo, kí ọkàn náà lè bá a bẹ Ọlọ́run kí ọkọ òun padà wálé. Odindi ọdún mẹ́ta kọjá, kò sí lẹ́tà kankan.

"Inú wá bí màmá mi," ni Rachele wí. "Ó bú agbárí náà dáadáa, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Torino. Lẹ́yìn oṣù méje ni bàbá mi kanlẹ̀kùn."

"Màmá yín ò sì padà wá yí i?"

"Ojú ń tì í. Kí ló fẹ́ wí? Ìgbà tó ń kú lọ ló tó sọ ọ́. Ó ní, 'Rachele, ẹni tó ṣe mí lóore ṣì kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Lọ yí i, bá mi bẹ̀ ẹ́, bá mi dúpẹ́.' Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ itan ọ̀tún, iṣẹ́ abẹ itan òsì. Dókítà ti ní ìrìn àjò yìí ni yóò kẹ́yìn."

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n wà níbí, mà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ dá a mọ̀?"

"Awọ ìbọ̀wọ́ pupa ni màmá mi fi tẹ́ inú ilé rẹ̀. Àwọn ègé tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ bàbá mi ni."

Mo dúró gbagidi. Don Liborio ló ń wí, agbárí tó wà lórí awọ pupa lápá ọ̀tún. Don Liborio tiwa, tí màmá àgbà mi tọ́jú, tí màmá mi tọ́jú, tí èmi náà ti ń nù láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo jowú. Apá òsì ni mo mú obìnrin náà lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí awọ pupa rí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwọn ilé onígi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọjú wò wọ́n, ó sì ń kí wọn: "Ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń wá." Nígbà tó dé ìkọkànlá, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó mí kanlẹ̀.

"Kò burú," ó ní. "Bí mi ò bá rí i, gbogbo èyí tó bá kọjú sí ògiri ni màá yí."

Ojú tì mí dé ọ̀run.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sápá ọ̀tún. Mo mọ ibi tó wà. Àtàárọ̀ ni mo ti mọ̀."

Kò bá mi wí, ó kàn di apá mi mú.

Don Liborio wà nínú ilé rẹ̀ lórí awọ pupa tó ti ṣá, ó ń dán, ó sì kọjú sí wa. Rachele wò ó títí.

"Ta ló yí i?"

"Ìyá tó bí màmá mi. Alágbàfọ̀ ni. Ọmọ mẹ́ta ló ti bí tí wọn ò yè. Ní ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, lọ́dún 1946, ló wá síbí wá mú ẹni tó máa tọ́jú, ló bá rí èyí tó kọjú sí ògiri. Ó ní, 'Ìwọ náà ò rí ojú rere. Jẹ́ ká jọ máa wo ara wa.' Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bí màmá mi."

Rachele ń fi ìka ka nǹkan. "Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni bàbá mi dé. Ọdún 1946 náà ni. Wọ́n bí èmi lọ́dún kejì."

Ó tún yíjú sí agbárí náà.

"Kí lẹ ń pè é?" ó bi mí.

"Don Liborio. Màmá àgbà ní ojú àlá ni wọ́n ti sọ ọ́ fún òun."

"Màmá mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń béèrè." Ó tẹ orí ba. "Don Liborio, ọmọ ẹni tó yí yín sí ògiri nìyí. Ẹ dárí jì í. Bàbá mi lo ogójì ọdún sí i láyé. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó mú ìrọ̀rí kékeré kan jáde nínú àpò ọ̀rá náà, awọ pupa, tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ rán. Ó nawọ́, ó rí ìrọ̀rí tí màmá àgbà mi rán, tó ti di pẹlẹbẹ lábẹ́ agbárí náà, ó sì fà sẹ́yìn.

"Mi ò lè yọ ti ìyá àgbà rẹ."

"Ẹ gbé e lé e."

Mo gbé Don Liborio sókè, ó tẹ́ ìrọ̀rí náà, a sì jọ gbé e lé e. Orí rẹ̀ wá ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀.

"Ó kàn ọ́," ni Rachele wí.

"Kí ló kàn mí?"

"Ọdún mélòó lo ti ń nù ún? Ṣé o ti dúpẹ́ rí?"

Mi ò dúpẹ́ rí. Òun ni mo rò pé ó yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀ tí mo ti nù fún àádọ́ta ọdún, mo rántí màmá mi, mo sì rọra sọ ọ́.

"Ẹ ṣeun, Don Liborio."

"Sọ ọ́ sókè," ni Rachele wí. "Ọkùnrin náà ti darúgbó."

Mo tún un sọ.