Pápá Pupa Inú Gíláàsì

Ẹ má wulẹ̀ ní kí Lọ́yà yàn láàárín ohun tó dára àti ohun tí àlejò máa yìn. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí adájọ́ tó lè máa dá a lẹ́kun ọ̀rọ̀ mọ́, àpótí ẹja onígíláàsì inú pálọ̀ nìkan ló kù tó fi ń gba ìyìn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ni ẹja inú rẹ̀. Màmá ìyàwó ló fi wọ́n sílẹ̀ kó tó kú, ẹja búlúù tí lẹbẹ wọn ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn bí aṣọ ìyàwó. Wọ́n ti kú tán, ó ku abo arúgbó kan. Akọ tó gbẹ̀yìn fi oyún sílẹ̀ fún un, ó sì ti bímọ: ọmọ wẹ́wẹ́, tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Bí ìwọ̀nyẹn bá lọ, ìran ẹja màmá parí nìyẹn.

Lọ́yà lọ ra ewé tó máa fi ṣe àpótí náà lọ́ṣọ̀ọ́. Obìnrin tó ń ta ewéko omi kọ́kọ́ mú aláwọ̀ ewé kan jáde. “Èyí tó máa wà níwájú, kúkúrú ló yẹ kó jẹ́, kó tẹ́ bí ẹní, kó má dí ẹja lójú.”

“Injinia ọ̀rẹ́ mi ti ní aláwọ̀ ewé nílé,” ni Lọ́yà wí. “Èyí tó máa pa á lẹ́nu mọ́ ni mò ń wá.”

Ó wo aláwọ̀ òdòdó, ó yínmú. Ó wo aláwọ̀ ọsàn, ó mirí. Inú adágún ẹ̀yìnkùlé obìnrin náà ló ti rí ohun tó ń wá, ewé kúkúrú pupa bí ẹ̀jẹ̀. Lámilámi kan ń fìdí kan omi náà lókè rẹ̀, ó ń yé ẹyin sí i.

Nílé, ìyàwó dúró tì í. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rẹ ẹ́ sínú báàfù lọ́tọ̀ ná, ká wo ohun tó bá a wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.”

“Kó wá ṣá mọ́ mi lọ́wọ́? Ìyáàfin, ẹ̀fọ́ kọ́ lèyí. Ọ̀ṣọ́ ni.”

Ó gbìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣí ìdérí àpótí kúrò kí iná lè mú pupa náà dán. Nǹkan kan tó jọ ìdọ̀tí já bọ́ lára gbòǹgbò. Ó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn. Lọ́yà ní omi ló gbé e.

Pápá náà tẹ́, ó pọ́n, ó wuyì. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń dín kù.

“Àwọn ọmọ mi dà?” ni ìyàwó ń bi í láràárọ̀.

“Wọ́n ń ṣe bojúbojú nínú ewé.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lójú Lọ́yà lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ ẹja kan ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí pápá. Ewé là. Ewé padé. Ọmọ ẹja kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún dáadáa, ó sì rán Injinia níṣẹ́ pé kó tètè wá.

Injinia wọlé, ó lanu. “Ọ̀rẹ́, o ti ṣe mí léṣe! Tèmi wá dà bí koríko ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹja ńkọ́?”

“Ojú ń tì wọ́n.”

“Àbí wọ́n ti gbọ́ pé o máa sọ̀rọ̀!” Injinia rẹ́rìn-ín, ó wá nawọ́. “Wo èyí!”

Lórí igi tó yọrí jáde nínú omi, lámilámi kan bà, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó ń dán bíi góòlù. Awọ òfìfo tó bọ́ kúrò lára rẹ̀ rọ̀ mọ́ igi lábẹ́ rẹ̀, eyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Inú omi yìí ló dàgbà sí,” ni ìyàwó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Kí ló ń jẹ?”

 Ó yí padà, ó lọ gbé abọ́ tó máa kó ẹja tó kù sí wá láti ilé ìdáná.

Ìyá ẹja nìkan ló dúró ní igun, lẹbẹ rẹ̀ ti fàya. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, ewé pupa tún là díẹ̀.

Lọ́yà rí i. Ṣùgbọ́n Injinia ò tíì yìn ín tán.