Búrẹ́dì Tí Joris Fi Ń Pa Ènìyàn Rẹ́

Joris ọkọ mi kì í ya ènìyàn níta. Yóò jókòó sórí òkìtì tí a mọ dá omi dúró lẹ́yìn ilé wa, yóò fi èédú ya omi, koríko àti ọlọ afẹ́fẹ́ sórí bébà. Ó dilé kó tó fi ènìyàn sí i, torí àwọn olówó ìlú Haarlem kì í ra àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rìn lórí rẹ̀. Bí ènìyàn náà ò bá wá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á já inú búrẹ́dì mi, á fi ìka pò ó, á fi pa á rẹ́ kúrò lórí bébà. Búrẹ́dì tí mo fi òógùn ojú pò! Ẹnu mi kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tó ya Lubbert apẹja, ó ní ara rẹ̀ dí omi, ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Lubbert nìkan ló gúnlẹ̀, ìkòkò tábà rẹ̀ ṣì ń rú èéfín nínú rẹ̀. A ní omi ló gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló pa Marritje tó ń fún wàrà rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, màlúù rẹ̀ ń ké, garawa kún, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ ẹnì kankan nínú ẹrẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín.

"Aagje, ilẹ̀ ni mò ń yà. Ènìyàn kàn ń kọjá lórí ẹ̀ ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti ọjà dé, mo bá ara mi lórí bébà. Nínú àwòrán náà, mo dúró lórí òkìtì, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Joris gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò mí.

"O ti tóbi jù. O ò jẹ́ kí n rí omi."

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára búrẹ́dì. Mo já a gbà, mo jẹ ẹ́ tán níṣojú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

"Ẹ fi tàdáwà tọ ìlà èédú tí ẹ fi yà mí, olówó orí mi. Búrẹ́dì ò lè pa tàdáwà rẹ́."

Ó rò pé orí mi ti dàrú, àmọ́ ó ṣe é, láti ìborí mi dé bàtà onígi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́n jù ú lọ.

Tàdáwà ò tíì gbẹ tí atẹ́gùn fi fẹ́ lù mí. Orí òkìtì ni mo wà, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, bó ṣe yà mí gẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ mi ò ṣeé gbé. Ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Omi ti di yìnyín, ó ti yọ́, ebi ò pa mí. Mò ń rí èéfín ilé wa.

Joris wá mi, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó pe orúkọ mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo dáhùn, mo pariwo, mo tiẹ̀ bú u, kò gbọ́, kò sì rí mi. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó kọjú sí mi, ó yọ bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ibi tí mo dúró sí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Koríko ló ń yà.