Ọwọ́ Tó Kun Aṣọ Ìsìnkú Mi

Ṣọlá ọmọ mi, jókòó gbọ́. Mo lá àlá pé ọkọ rẹ tó ń ya àwòrán fi aṣọ funfun tí mo tọ́jú de ìsìnkú mi kọ́ ara ògiri, ó dijú, ó ń da ọ̀dà sí i. Mo ní, "Àna mi, kí lò ń yà?" Ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú, Màmá, èmi gan-an ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló mọ̀." Ni ọwọ́ náà bá já kúrò lára rẹ̀, ó gun aṣọ mi bí alángbá, ó ń mi orí tí kò ní. Àwọn àlejò tó wá wo àwòrán ń pàtẹ́wọ́: "Ó jinlẹ̀!" Ìwọ náà ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi aṣọ náà wé mi, wọ́n ní ó bá mi mu. Bí ọwọ́ yẹn ṣe fẹ́ kun ojú mi, mo gé e jẹ, mo sì jí. Àpótí aṣọ mi ni mo kọ́kọ́ ṣí.