Nọ́ńbà Mẹ́fà

Wáyà tí wọ́n fi ń gbaná sínú ọkọ̀ nìkan ni Àwáwù, awakọ̀ ilé ìgbẹ̀bí Àgọ́-Àrẹ, bá lábẹ́ àtíbàbà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó yí ilé ìgbẹ̀bí náà po lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé ọkọ̀ lè sá pamọ́ sẹ́yìn ilé bí adìyẹ, ó sì tún padà síbi tó ti kúrò.

Nínú ilé, Ramlah ìyàwó Àdìgún ń rọbí. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ìdájí ni wọ́n ti gbé e dé, nígbà tó sì di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, Nọ́ọ̀sì Ayọ̀dàmọ́lá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní ọmọ náà dábùú, apá òun kò ká a, kí Àwáwù tètè máa gbé e lọ sí Ṣakí.

Àwáwù mú fóònù rẹ̀ jáde. Inú fóònù yẹn ló ti máa ń darí ọkọ̀ oníná náà. Bó bá tẹ ojú kan, ilẹ̀kùn á ṣí. Bó bá tẹ òmíràn, ọkọ̀ á jí láìpariwo. Ó sì lè wo ibi tí ọkọ̀ wà àti ìwọ̀n iná tó kù nínú bátìrì rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, áàpù kò jẹ́ kó wọlé. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tó tẹ̀ kò tọ̀nà. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pe Samsudeen, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ náà. Fóònù dún títí, kò gbé e. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ti pa á.

Ọ̀kadà ni wọ́n gbé. Àwáwù fi Ramlah sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn. Gbogbo ibi tí ọ̀kadà bá ti kó sí kòtò, Ramlah á fi eyín di apá aṣọ Àwáwù mú. Kò pariwo. "Ẹ má fi mí sílẹ̀" ni ohun kan ṣoṣo tó ń sọ. Wọ́n dé Ṣakí, àwọn dókítà sì gba ẹ̀mí ìyá là. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà. Kò ké.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Àgọ́-Àrẹ tó wà lókè òkun ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú páńẹ́lì sólà tí yóò máa fún un níná, nítorí epo bẹntiróòlù ti wọ́n bí ojú. Aboyún ni wọ́n ní kó máa gbé. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa wà á, Samsudeen ló dìde nínú ìpàdé, ó ní kí wọ́n fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní opó ni, àti pé ọdún mẹ́jọ ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ọkọ rẹ̀, tó ń fi kó iṣu bọ̀ láti oko, tí kò gbá nǹkan kan. Àwáwù sunkún lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Samsudeen nígbà tí wọ́n gbé Àwáwù wọlé ọkọ. Òun ló ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, òun ló ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ bó bá pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ, Akọ̀wé ló sọ ọ́ láti ìgbà tó ti ń gbé báàgì ìwé kọ́rùn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ Ramlah ni Akọ̀wé yìí pè é. Ó ní àwọn ará òkè òkun fẹ́ tún áàpù náà ṣe. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kó kà á fún òun. Àwáwù àti ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jọ ń bó ẹ̀gúsí lórí ẹní lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ nù, ó ka nọ́ńbà náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ti sọ ìyàwó ilé di òyìnbó.

Nígbà tí Àwáwù padà láti Ṣakí lẹ́yìn ìrun àsárì, ọkọ̀ ti wà lábẹ́ àtíbàbà. Erùpẹ̀ pupa bò ó dé ojú gíláàsì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kò pa dé tán, nígbà tó sì fà á ṣí, ó rí tẹ̀sùbáà olókùn aláwọ̀ ewé kan lórí ìjókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló ra tẹ̀sùbáà náà fún Ìyá Àgbà. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé e: nọ́ńbà mẹ́fà tí òun kà fún Akọ̀wé ló fi yí ọ̀rọ̀ ìwọlé òun padà. Ìyá Àgbà ti sọ fún un pé àwọn ń lọ tọrọ ìyàwó fún Samsudeen ní Ìgbẹ́tì lọ́jọ́ náà, pé àwọn àna ni yóò fi ọkọ̀ ránṣẹ́ wá gbé àwọn.

Ó mú tẹ̀sùbáà náà relé. Samsudeen ti ń dúró dè é. Bó ṣe rí i ló dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ìyá Mujeebat, ẹ dákun. Ojú àwọn àna mi ni mo wò. Mo rò pé a ó ti dé kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀."

"Ọmọ ti kú, Akọ̀wé."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Jímọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Bó bá ti ẹnu yín jáde, wọ́n á ní opó ló ń tú ilé ọkọ."

Àwáwù wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà na ọwọ́, Àwáwù sì gbé tẹ̀sùbáà náà lé e lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà Nọ́ọ̀sì tó bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìgbìmọ̀ pé. Alhaji Ládòkun, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága. Àdìgún jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó dorí kodò. Samsudeen dìde nínú jàlàbíà funfun, ó ṣí fóònù rẹ̀. Àwáwù ń retí ìjẹ́wọ́, ó tilẹ̀ ti ń ro bí òun yóò ṣe bá a bẹ̀ wọ́n.

Samsudeen ka àkọsílẹ̀ áàpù náà sókè, pé ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Orúkọ ẹni tó ṣí i ni Àwáwù. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ọkọ̀ ti wà ní Ìgbẹ́tì. Ó ní ó dun òun wọ egungun, nítorí ẹni tó tọ́ òun dàgbà ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé ńṣe ló fi fóònù ṣílẹ̀kùn fún àwọn kan tó háyà ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwáwù kọ́kọ́ rò pé òun ṣì í gbọ́. Nígbà tó rí i pé gbogbo ènìyàn ti kọjú sí òun, ó dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí nọ́ńbà náà bá wá hàn wọ́n lórí fóònù rẹ̀. Alága fi awò sójú.

"Fóònù ta ni nọ́ńbà yìí wọlé sí?"

"Tèmi ni, sà."

"Ṣé ó wọ ti Samsudeen?"

"Kò wọ̀ ọ́. Èmi ni mo kà á fún un. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ yẹn náà ló sì gbé wọn lọ sí Ìgbẹ́tì. Ẹ bi wọ́n."

Ìyá Àgbà jókòó láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tó ń fèsì.

"Èmi ò gbọ́ òyìnbó," ó ní. "Bí ẹnìkan bá ń ka nǹkan sínú fóònù, kí ni n ó mọ̀ níbẹ̀? Ọkọ̀ àwọn àna wa ló gbé mi."

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀dàmọ́lá ní Àwáwù kò kúrò lọ́dọ̀ òun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Alága ní kò sẹ́ni tó sọ pé ó kúrò. Ó ní èèyàn lè purọ́ mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ọ̀tá. Kò sẹ́ni tó ní kí Samsudeen ka ti àwọn ọjọ́ mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn ló ti jókòó nínú ọkọ̀ náà rí, kì í sì í ṣe pé wọ́n lóyún. Àwáwù fúnra rẹ̀ ló wa Alága lọ sí ìsìnkú àna rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, nítorí Akọ̀wé ní kó wà wọ́n lọ. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ̀ máa wà lọ́dọ̀ akọ̀wé títí wọn yóò fi rí olóòótọ́ ènìyàn tí yóò máa wà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àwáwù bu èlùbọ́ sínú igbá, ó lọ kí Ramlah. Ó bá a lójúde, ó fi ọ̀já fún àyà rẹ̀ gbọnin, nítorí omi ọyàn kò tíì yéé wá. Àwáwù kúnlẹ̀, ó gbé igbá náà kalẹ̀, ó kí i kú ọ̀fọ̀.

"Nígbà tí ẹ gbá mi mọ́ra lórí ọ̀kadà yẹn," Ramlah ní, "ṣé ẹ ti mọ ibi tí ọkọ̀ wà?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ramlah wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó jọ ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́.

"Ṣùgbọ́n fóònù ní ẹ mọ̀."

Àdìgún jáde láti inú ilé. Kò bú u. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá èlùbọ́ náà láìṣí i, ó gbé e lé Àwáwù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìyàwó rẹ̀ dìde, ó rọra mú un wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.