Aago Mẹ́rin Lórí Sáìtì

Ẹ má dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Èmi Israfil, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Takie, ni mo fi ọgbọ́n orí mi ṣe é.

Èmi ni mo ṣe sáìtì tí mọ́sálásí wa fi ń kéde àkókò ìsìnkú. Tí ẹnì kan bá ti kú, èrò á ya bo sáìtì, á wá máa falẹ̀, wọn á sì máa bú mi. Ó sú mi. Ni mo bá ní kí sáfà, ẹ̀rọ tó ń gbé sáìtì jáde, máa tọ́jú ìkéde tó bá ti gbà fún wákàtí mẹ́fà, kó máa fi han gbogbo ẹni tó bá ṣí i, láì tún lọ wò ó bóyá nǹkan ti yí padà. Káàṣì là ń pè é. Sáìtì yá kánkán, orí mi sì wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá Abdulqoyum kú, aago mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Nígbà tó yá, ìmáàmù ní òjò ti ṣú, kí wọ́n sin wọ́n láago méjì. Kareem akọ̀wé yí i padà lórí sáìtì. Àwa tó wà nítòsí gbọ́ ọ lẹ́nu ìmáàmù.

Ọ̀yọ́ ni Abdulqoyum, àkọ́bí wọn, ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń tajà. Ó ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé òun fúnra òun ni òun máa gbé wọn sínú sàréè. Ó ṣí sáìtì láago méjìlá: aago mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó pè é, oníkálukú rò pé ó ti rí i. Ìgbà tó máa dé láago mẹ́ta, a ti bo sàréè.

Àbúrò bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú pé ọjà rẹ̀ ló ká a lára ju bàbá lọ. Ó na fóònù sí wọn, wọn ò wò ó. Èmi ṣí tèmi: aago mẹ́rin ṣì ni. Mi ò ní í purọ́, ó ṣe mí bíi kí n yọ́ lọ.

Mo ní, “Ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n Abdulqoyum kọ́. Èmi ni mo ṣe sáìtì yẹn tó fi ṣì ń sọ nǹkan àárọ̀.”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Abdulqoyum ò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn béèrè ẹni tó wọ sàréè lọ gba bàbá òun. Mo dá a lóhùn pé,

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wá yín tì níbi sàréè. Èmi ni mo gba apá orí wọn.”

Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tó wà lára rẹ̀.

“Ṣé wọ́n wúwo?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò wúwo rárá.”